Òrùlé Mẹ́rìnlá Tí Ọ̀gá Àyẹ̀wò Ò Gùn Rí

Bí ẹ bá fẹ́ rí ògiri tó dán, ẹ lọ wo àwọn ilé ìjọba ní ìlú tí Ọ̀gá Àyẹ̀wò ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ìwé ni o, ilé ìkàwé ni, ilé ìgbẹ̀bí ni, títí dé ilé ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń kun ògiri wọn. Àjà wọn náà, ọdọọdún ni wọ́n ń kùn ún, torí ọdọọdún ni omi òjò ń sọ ọ́ di alábàwọ́n. Kí ló wá dé tí omi fi ń wọlé? Ẹ má bi mí o. Ọ̀gá Àyẹ̀wò ni kí ẹ bi, òun ni wọ́n ń sanwó fún láti mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ ọkùnrin yìí kò le lójú ẹni tí kò ṣe é rí. Kí ìgbìmọ̀ ìlú tó pín owó ọdún tó ń bọ̀, òun ni yóò fi fáìlì há abíyá, tí yóò yí ilé ìjọba mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ká, tí yóò wo ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀, tí yóò sì kọ iye tí àtúnṣe rẹ̀ máa gbà. Nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, ìlà kan wà fún ìlẹ̀kùn, ọ̀kan wà fún ògiri, ọ̀kan wà fún omi àti iná. Ọ̀kan sì wà fún òrùlé. Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn, torí Ọ̀gá Àyẹ̀wò ń bẹ̀rù òkè.

Kì í ṣe ẹ̀rù kékeré o. Ọkùnrin tó ga, tó sígbọnlẹ̀, tí ohùn rẹ̀ ń mi fèrèsé, bó bá gun orí àpótí lásán, orúnkún méjèèjì á máa gbá ara wọn. Lọ́dún tó kọ́kọ́ gba iṣẹ́, ó gbé àkàbà ti ògiri ilé ìkàwé, ó gun ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ó wo ìsàlẹ̀, ó sì rántí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tó ti ń ṣẹ̀ láti kékeré. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó nu ojú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sẹ́ni tó rí i. Ló bá kọ ọ́ sí ìlà òrùlé pé: "Ó dára. Ó lè dúró de ọdún tó ń bọ̀."

Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Nígbà tó dé ilé kejì, kò tiẹ̀ gbé àkàbà jáde mọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, ó ti ra awò ọ̀nà jíjìn kan tó ń fi kọ́rùn, ó ń dúró ní òdìkejì títì, ó ń fi wo etí páànù, ó sì ń tan ara rẹ̀ pé ayé ti là, àkàbà ti di ti àwọn baba wa. Ọdún mọ́kànlá, ilé mẹ́rìnlá, "ó dára" ní gbogbo ìlà. Bó bá ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀, á wo ara rẹ̀ nínú dígí, á ní, "Ìwọ yìí, ọ̀gá àyẹ̀wò tí kò yẹ nǹkan kan wò. Bí wọ́n bá gbé ọ lọ sí ọ̀run pé kí o yẹ ibẹ̀ wò, ẹnu ọ̀nà lo máa dúró sí, o ó kọ ọ́ pé òrùlé ibẹ̀ dára." Á rẹ́rìn-ín, á fọ ojú, á sì lọ síbi iṣẹ́ lọ ṣe ohun kan náà.

Bí àjà bá ti lábàwọ́n, á kọ "ọ̀dà". Bí omi bá ń kán, á kọ "korobá". Lọ́dún tó kọjá, ogójì korobá ló kọ sínú ètò ìṣúná, wọ́n sì rà á fún un.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé iyàwó rẹ̀ ló ń lo mẹ́wàá nínú àwọn korobá yẹn. Agbẹ̀bí ni, òun ni olórí ilé ìgbẹ̀bí ìlú. Obìnrin tó já fáfá, tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Nílé, òun náà ló ń gun àga pààrọ̀ gílóòbù, òun ló ń so kọ́tìnnì, òun ló ń gbé àpótí sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, torí ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un tipẹ́tipẹ́ pé, "Ìyá àwọn ọmọ, ẹni tó ti ń gun òrùlé kiri láti àárọ̀, ṣé ó tún yẹ kó délé kó máa gun àga? Orúnkún mi ti kú." Àánú rẹ̀ á ṣe obìnrin yìí. Á gbé omi gbígbóná wá, á ti tọ́wẹ́ẹ̀lì bọ̀ ọ́, á máa fi tẹ orúnkún fún un. Ọ̀gá Àyẹ̀wò á na ẹsẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ, á máa kérora díẹ̀díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè jọ òótọ́. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n omi náà gbóná dáadáa.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ títí di ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan tí òjò ńlá rọ̀. Nírọ̀lẹ́, agbẹ̀bí wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé láílọ́ọ̀nù kan sórí tábìlì níwájú ọkọ rẹ̀, omi ń jò lára ẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Àjà ni. Odindi pákó kan ló já lulẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kẹta. Ìyá ìkókó tó wà níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ dìde lọ wẹ̀ ún ni. Kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì." Ó jókòó sí òdìkejì tábìlì. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀yin lẹ gun orí ilé yẹn lóṣù tó kọjá. Kí lẹ rí níbẹ̀?"

Òótọ́ ti dé ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ó ti gbó díẹ̀."

"Díẹ̀?"

"Díẹ̀ tó pọ̀."

"Ẹ fi sínú ìwé ọdún yìí. Mo bẹ̀ yín ni. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè máa sọ fún aláboyún pé kó fọkàn balẹ̀ lábẹ́ ohun tí ọkàn èmi náà ò balẹ̀ sí."

Ọ̀gá Àyẹ̀wò kò lè jẹun mọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa yìí wà lọ́jà o, òdìkejì títì ló kàn dúró sí tó ń fi awò wò ó.

Lọ́jọ́ kejì, ó gba ọ́fíìsì Akápò lọ. Akápò yìí ló ń to ètò ìṣúná ìlú jọ, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó jẹ́ pé bí àmì ìdánudúró kan bá ṣí kúrò níbi tó yẹ, kò ní sùn. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin, ni yóò ti ìwé ọdún náà pa. Ó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ Ọ̀gá Àyẹ̀wò, ó kà á, ó tún un kà.

"Ẹ ní ká pààrọ̀ gbogbo òrùlé ilé ìgbẹ̀bí. Oṣù tó kọjá lẹ kọ ọ́ pé ó dára. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín méjì?"

"Ìjì ni."

"Ìjì wo?"

"Ìjì... kékeré kan."

"Ọ̀gá, ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbẹ̀bí ni mò ń gbé. Ìjì wo ló ba òrùlé wọn jẹ́ tí kò já aṣọ kan lulẹ̀ lórí okùn mi?"

Ọ̀gá Àyẹ̀wò tẹ orí ba. Ó wo ilẹ̀, ó wo fáìlì, ó wo bàtà ara rẹ̀. "Akápò, ẹ má bínú. Mi ò gun òrùlé yẹn rí."

"Lọ́dún yìí?"

"Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi."

Ẹ̀rín gbé Akápò. Ó rín in títí tó fi yọ awò ojú rẹ̀, tó ń fi etí aṣọ nu omijé. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀. "Àwọn mẹ́tàlá tó kù ńkọ́?"

"Bákan náà ni."

"Ha! Èmi ni mo sì ń ra ọ̀dà." Ó gbé awò ojú wọ̀ padà. "Ó dáa. Òfin ni pé kò sí òrùlé tó ń wọnú ìwé yìí àyàfi tí ọ̀gá àyẹ̀wò bá buwọ́ lù ú pé òun fi ojú ara òun rí i láti òkè. Ẹ gùn ún kí aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì tó lù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Ṣé káfíńtà ò lè bá mi gùn ún?"

"Káfíńtà tó máa gba iṣẹ́ náà ni kó wá sọ fún wa pé iṣẹ́ wà? Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín mọ́, àyà ń dùn mí."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sọ fún iyàwó rẹ̀. Kò ṣẹ́ ọ̀rọ̀ kankan kù. Obìnrin náà wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀.

"Orúnkún yín ńkọ́?"

"Nǹkan kan ò ṣe é."

"Omi gbígbóná tí mò ń gbé wá?"

"Ó kàn dùn mọ́ mi ni."

Agbẹ̀bí dìde, ó wọ yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn. Ọ̀gá Àyẹ̀wò gbọ́ ohùn kan nínú ilé, ó rò pé ẹkún ni. Ó súnmọ́ ìlẹ̀kùn, ó gbọ́ ọ dáadáa, àṣé ẹ̀rín ni. Inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn bọ̀ nígbà tí ẹ̀rín náà yí padà, tó di ẹkún lóòótọ́. Nígbà tí obìnrin náà jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ìdáríjì o. Ẹ gbọ́ mi? Gbogbo ìyá ọlọ́mọ tó ń wo àjà tẹ̀rùtẹ̀rù, èmi ni mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣèyọnu, ọkọ mi ti yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ yín ni mo fi ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún."

Bí wọ́n bá ní kí Ọ̀gá Àyẹ̀wò kọ ara rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù lálẹ́ ọjọ́ náà, ì bá kọ "kí wọ́n wó gbogbo rẹ̀".

Ọjọ́rú, ó dé ìdí àkàbà, ó ní òjò ń ṣú. Ọjọ́bọ̀, oòrùn mú, ó ní páànù á ti gbóná jù. Ó di ọjọ́ Ẹtì, aago méjì kọjá. Káfíńtà di àkàbà mú, Akápò dúró ti fáìlì, àwọn aláboyún sì rọ́ sójú fèrèsé láti wòran. Agbẹ̀bí jáde sí wọn, ó ká ọwọ́ gbera.

Ọ̀gá Àyẹ̀wò gun ọ̀kan. Ó gun èjì. Ó gun ẹ̀ta, ó sì dúró. Òógùn bò ó. Àkàbà ń gbọ̀n, káfíńtà sì ń búra pé òun kọ́ ló ń mì ín.

"Mi ò lè ṣe é," ó ní. "Ìyá àwọn ọmọ, mi ò lè ṣe é."

Bí agbẹ̀bí ṣe gbọ́ gbólóhùn yẹn, iṣẹ́ dé. Ojoojúmọ́ ni àwọn tó ń rọbí ń wí i fún un. Ó tú ọwọ́, ó wá sídìí àkàbà, ohùn rẹ̀ yí padà.

"Ta ló ní ẹ ò lè ṣe é? Ẹ mí sínú. Ẹ mí síta. Ẹ má wo ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ ò kàn yín. Ó kù díẹ̀. Ẹ má tíì fi ipá sí i o! Ẹ sinmi. Ó yá, ọ̀kan sí i."

Àwọn aláboyún bá gbè é lójú fèrèsé: "Ẹ mí, bàbá! Ẹ mí!" Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín débi pé ó di ikùn mú, nọ́ọ̀sì kan sì sáré fà á jókòó. Ìgbésẹ̀ kan, ó mí. Ìgbésẹ̀ kan, ó kérora, ìkérora gidi lọ́tẹ̀ yìí. Kò mọ ìgbà tí àyà rẹ̀ kan páànù. Ó fi ikùn lé e, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó dì í mú.

Nígbà tó lajú, ó rí i. Páànù ti dípẹtà, ó ti pọ́n kọjá àlà. Ó fi ìka tẹ ibì kan, ìka wọlé. Ó fa ìka yọ, ó gbé ojú síbi ihò náà, ó sì rí bẹ́ẹ̀dì kẹta nísàlẹ̀ kedere. Ìyá kan wà lórí ẹ̀, torí bẹ́ẹ̀dì yòókù ti kún, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Obìnrin náà gbójú sókè, ó rí ojú tó ń yọ́ òun wò láti òkè, ó sì fi aṣọ bo orí ọmọ rẹ̀.

Ọ̀gá Àyẹ̀wò sunkún lórí páànù níbẹ̀. Kò pariwo.

Wọ́n fi okùn fa fọ́ọ̀mù sókè sí i, ó kọ gbogbo ohun tó rí, ó buwọ́ lù ú.

"Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ wàyí," Akápò ní.

"Ẹ fa gbogbo fáìlì wá. Mo ń rí òrùlé ilé ìwé níhìn-ín, ihò ibẹ̀ ju tibí lọ. Mo ń rí ti ilé ìkàwé náà."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní akíkanjú ni. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín: ẹ̀rù àtisọ̀kalẹ̀ ló ń bà á. Ó ti wo àkàbà lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti pinnu pé òun fẹ́ràn iṣẹ́ ju bí òun ṣe rò lọ. Ó gbé awò sójú, ó ń wò, ó ń kọ. Akápò ní òfin sọ pé kó fi ojú rẹ̀ rí i láti òkè, òfin ò ní kó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mẹ́sàn-án ló hàn láti ibẹ̀, pẹ̀lú ti ilé ìgbẹ̀bí. Kò sí ẹyọ kan tó dára níbẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fáìlì sọ̀ kalẹ̀, Akápò sì gbé e sáré lọ.

Ó wá ku ọ̀gá. Ó di ojú, ó na ẹsẹ̀ wá àkàbà, kò rí i. Ọwọ́ kan di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú, ó gbé e lé orí ìgbésẹ̀. Iyàwó rẹ̀ ló ti gun òkè wá bá a. Bẹ́ẹ̀ ló ń mú ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹyọ kan tẹ̀ lé èkejì, títí wọ́n fi dé ilẹ̀.

Ó dúró síbẹ̀, ó ń retí èébú, torí ó mọ̀ pé ó tọ́ sí òun. Agbẹ̀bí gbọn ìpẹtà kúrò láyà aṣọ rẹ̀.

"Àwọn márùn-ún tí kò hàn ńkọ́?" ó ní. "Ọjọ́ wo lẹ máa gùn wọ́n? Ẹ tètè sọ, kí n lè gbàyè níbi iṣẹ́."