Ìsinmi Àwọn Tó Ṣáájú

Bí Walburga ṣe na ọwọ́ láti di ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì mú, bẹ́ẹ̀ ni Detlef dìde.

"Ó yá o! Ẹsẹ̀ ti pé. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Àwọn mẹ́tàlá tó jókòó bá dìde. Wọ́n gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lára ṣòkòtò, wọ́n gbé àpò kọ́ èjìká, wọ́n sì gba inú pápá lọ. Òdòdó yẹ́lò ti bo pápá náà títí dé ìdí àwọn igi ápù, ó rẹwà débi pé inú ń bí Walburga. Ó mu omi lórí ìdúró, ó tẹ̀lé wọn.

Ọ̀nà yìí, tirẹ̀ ni. Ó gba abúlé mẹ́rin kọjá, ó sì yí padà sí Birkenroda tí wọ́n ti gbéra. Ọkọ rẹ̀, Gebhard, ni ẹgbẹ́ abúlé, ti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn fún fàájì, fi í sí lọ́wọ́. Nígbà tí Gebhard kú, ó di ti Walburga. Òun ló ń fi ọ̀dà kun àmì sára igi, òun ló ń gé ẹ̀gún. Àmọ́ òfin ẹgbẹ́ kò mọ opó: ẹni tí ọ̀nà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín yíká ní oṣù Karùn-ún, lójú gbogbo ẹgbẹ́. Bó bá wọ mọ́tò lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀nà di ti ẹlòmíràn. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Gbogbo abúlé ló sì mọ̀ pé Detlef, olórí ẹgbẹ́, ń wá ọ̀nà náà fún ọkọ ọmọ rẹ̀.

Ní abúlé kejì, ó rí wọn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń bó ẹyin, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó kù bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá kó dé ọ̀dọ̀ wọn ni Detlef wo aago.

"A ti ń retí yín tipẹ́, Burga. Ó yá, ẹ̀yin èèyàn mi!"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n mí díẹ̀ ná," Irmhild, ọ̀kan nínú wọn, sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ti gbé àpò rẹ̀ kọ́ kó tó sọ ọ́ tán.

"Ṣé ìdí ni wọ́n fi ń rìn ni?" Detlef ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ló tó yé Walburga. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti jókòó láti àárọ̀, òun kò tíì jókòó lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe ọ̀nà ló ń pa á, Detlef ló ń mọ̀ọ́mọ̀ dìde nígbàkigbà tó bá kù díẹ̀ kó dé.

Ní ìparí abúlé kẹta, mọ́tò kan dúró, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ìyàwó Detlef sì wà nídìí ọkọ̀. Detlef nìkan ló padà wá pàdé rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó fipá mú yín o. Ẹ kàn jókòó ni."

"Ìkà lò ń hù sí mi yìí, Detlef."

Kò tiẹ̀ bínú. "Gebhard ló kọ́ mi. Àbí ẹ ti gbàgbé Alfons? Ẹ̀yin náà kúkú wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ yẹn."

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Alfons ló ni ọ̀nà yìí ṣáájú wọn. Gebhard ní kí gbogbo wọn jókòó títí arúgbó náà yóò fi yọ, kí wọ́n wá dìde. Walburga ló gé sọ́séèjì fún wọn. Òun ló kọ́kọ́ rí Alfons lókèèrè, tó ní, "Ó ń bọ̀ o, ẹ múra!" Pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé ti wà lájà fún ọdún mẹ́sàn-án, òun ló sì bá wọn gbé e síbẹ̀.

Ó jókòó sínú mọ́tò. Detlef fi sùúrù bá a gbé ẹsẹ̀ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Nílé oúnjẹ ní Birkenroda, àwọn tí kò lè rìn mọ́ yí tábìlì kan ká nídìí fèrèsé, wọ́n ń jẹ kéèkì. Alfons wà láàárín wọn. Fìlà rẹ̀ wà lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé e kúrò.

"Jókòó, Burga. Láti ọdún yẹn ni mo ti ń gba àyè yìí dè ọ́."

Walburga wo ojú rẹ̀ bóyá òun a rí ìbínú níbẹ̀ tí òun lè bẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó jókòó. Ara tù ú, ó sì tì í lójú pé ara tù ú.