Báàsì Tí Gìrìpá Rà Lọ́wọ́ Àna Rẹ̀

Gìrìpá kì í fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí wọ́n bá sì sọ lẹ́ẹ̀kan, ìdajì ló máa ń gbọ́, torí inú rẹ̀ á ti máa ru kí ẹni náà tó sọ ọ́ tán. Àwọn tí wọ́n jọ ń ru ẹrù nílé ìkẹ́rùsí ló sọ ọ́ ní Gìrìpá, nítorí igbáàyà rẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀. Ó ti lu awakọ̀ kan rí lórí ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí. Ó lu ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin tó kọ́kọ́ ń bá ṣeré, lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n sì gba báàsì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Báàsì tí mò ń wí yìí, gòjé ńlá ni. Ó ga ju àgbàlagbà lọ, òòró ni wọ́n sì ń gbé e dúró kí wọ́n tó fi igi onírun fa okùn rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ló ní. Bí àwọn ohun èlò yòókù bá ń pariwo, òun ló ń gbé wọn ró. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fún ara wa, Gìrìpá mọ̀ ọ́n fà. Àwọn tó ti jẹ ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ gan-an, bí wọ́n bá ń kọjá tí wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n á dúró.

Ẹgbẹ́ olórin ńlá kan wá ń wá afabáàsì. Iṣẹ́ olówó oṣù ni. Wọ́n ní kí Gìrìpá wá lọ́jọ́ Jímọ̀ tó máa kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀ kí àwọn gbọ́ ọ, kó sì gbé báàsì tirẹ̀ dání. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń kọ ẹrù nígbà náà; láàárọ̀ ọjọ́ míì, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a wọ bàtà. Ó mọ̀ pé bí Jímọ̀ yìí bá fi bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, abẹ́ àpò sìmẹ́ńtì ni òun máa darúgbó sí.

Ta ló wá ní báàsì títà? Bàbá ìyàwó rẹ̀ ni. Baba náà ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kan gòjé, tó sì ń tún un ṣe, Bàbá Onígòjé ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kò fẹ́ràn Gìrìpá, kò sì fi bò. Lọ́jọ́ tí Gìrìpá wá tọrọ ọmọ rẹ̀, kó tó wọlé ló ti bá aládùúgbò wọn wọ̀yá ìjà lẹ́nu géètì, ó sì wá jókòó síwájú àna pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára kọ́là. Baba ní èèyàn ni òun fẹ́ fi ọmọ òun fún, òun ò fẹ́ fi í fún ìjì. Ọmọ náà ló ta kú pé Gìrìpá lòun fẹ́. Òun náà ló tún wá bẹ̀ ẹ́ lórí báàsì yìí, tí Baba fi gbà. Alùpùpù Gìrìpá ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀.

Bí Baba bá tiẹ̀ kórìíra èèyàn, kò lè kórìíra iṣẹ́. Ó ní kí Gìrìpá dúró ti báàsì náà bí ẹni pé ó ń ṣeré, ó sì fa ẹsẹ̀ irin tó wà nídìí rẹ̀ títí ó fi bá gíga rẹ̀ mu. Ó fá afárá tó gbé okùn lé àyà báàsì náà díẹ̀díẹ̀, ó ń dá a padà, ó ń ní kó tẹ okùn, títí okùn kò fi jìnnà sí ìka mọ́. Lẹ́yìn náà ló ní kó wá yọjú wo ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Igi kékeré kan dúró sínú ibẹ̀, kò nípọn ju ìka lọ, orí rẹ̀ kan àyà, ìdí rẹ̀ kan ẹ̀yìn. Kò sí àtè lára rẹ̀, kò sí ìṣó. Bí okùn ṣe ń tẹ àyà báàsì mọ́lẹ̀ ló dì í mú. Bó bá ṣubú, ohùn ti lọ nìyẹn.

"Bí o bá fẹ́ pààrọ̀ okùn," Baba ní, "tú ọ̀kan, kó o dá a padà, kó o tó fọwọ́ kan òmíì. Má tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ láé."

Gìrìpá ní òun ti gbọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ọrùn báàsì náà ló ń fọwọ́ pa, bó ṣe ń dán ló ń wò. Inú rẹ̀ ń dùn, ojú rẹ̀ sì ti fò ré kọjá igi tí wọ́n ní kó wò.

Nígbà tó gbé e délé, ó tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Oòrùn kò gbọdọ̀ kàn án. Nígbà tí ọyẹ́ gbẹ, ó gbé ọpọ́n omi sínú yàrá kí igi náà má baà là. Bùláńkẹ́ẹ̀tì tí òun àti ìyàwó ń bò sùn ló fi ń bò ó. Ìyàwó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé lóòótọ́ lòun kọ́kọ́ wọlé, ṣùgbọ́n báàsì ti gba ipò ìyáálé mọ́ òun lọ́wọ́. Gìrìpá á rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti jọ wà, oṣù yẹn ni ilé wọn tòrò jù.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ìyẹn ọjọ́ tó ṣíwájú Jímọ̀, ìyàwó ti lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ nílé búrẹ́dì. Gìrìpá jókòó, ó ń nu báàsì. Oje igi gbígbẹ tí wọ́n ń fi pa irun igi onírun ti dà bí àtíkè sábẹ́ okùn, ó funfun báláú yí ẹsẹ̀ afárá ká, aṣọ kò dé ibẹ̀. Ó ní ṣé báyìí lòun máa gbé e dé iwájú àwọn èèyàn ńlá? Ló bá tú okùn àkọ́kọ́, ó tú èkejì, ó tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ṣí afárá kúrò. Nǹkan kan dún kọ́ nínú báàsì. Kò kọbi ara sí i. Ó nu ún títí ó fi rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ìfẹ́ ló kó o sí i.

Ó dá gbogbo rẹ̀ padà, ó gbé igi onírun lé okùn, ó fà á. Ohùn tó jáde dà bíi ti ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí dí lẹ́nu. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, kò yàtọ̀. Nígbà tó gbé e tẹ̀, nǹkan yí gbirigbiri nínú rẹ̀.

Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Gìrìpá ò tiẹ̀ gbọ́ tẹnì kankan tó fi dá tiẹ̀. Kíá ló ti parí ẹ̀: arúgbó yìí mọ̀ọ́mọ̀ ta òkú igi fún òun ni, kójú lè ti òun lọ́la, kí ọmọ rẹ̀ lè rí àwáwí kó ẹrù padà sílé bàbá rẹ̀. Ó gbé báàsì sórí ọmọlanke, ó ń tì í lọ, ó ń payín keke. Ọkùnrin kan lójú ọ̀nà bi í pé ṣé pósí ló ń tì lọ. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a sínú gọ́tà, kò sì dúró wẹ̀yìn.

Ó fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Onígòjé gbé orí sókè nídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Gìrìpá gbé báàsì wọlé, ó ń bú u, ó pè é ní olè, ó pè é ní òǹrorò, ó ní kó gba òkú igi rẹ̀. Baba dìde nídìí tábìlì. Ó gbé báàsì náà tẹ̀, ó gbọ́ ohun tó ń yí nínú rẹ̀, ó sì bi í léèrè bóyá gbogbo okùn ló tú. Ẹ̀gàn ni Gìrìpá gbọ́ nínú ìbéèrè náà. Baba mi orí, ó yíjú, ó sì mú irin gígùn kan sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri. Irin náà tẹ̀ lókè, ó tẹ̀ nísàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ kan sì mú ṣóṣóró. Ó mú un bọ̀ níbi tí Gìrìpá dúró sí.

Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ẹnu ṣóṣóró yẹn nìkan ni Gìrìpá rí. Ó gbá ọrùn ọwọ́ Baba mú, ó fi lu etí tábìlì. Irin ò bọ́. Ó tún fi lù ú, egungun sì dá, gbogbo yàrá gbọ́ ọ. Ó gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu. Baba ṣubú sáàárín èérún igi, ẹ̀jẹ̀ ń dà sí irùngbọ̀n rẹ̀, Gìrìpá sì tún fẹsẹ̀ gbá a nígbáròkó, ó ní kó dìde kó wá gún òun.

Ibẹ̀ ni ìyàwó bá wọn. Aládùúgbò kan tó rí Gìrìpá pẹ̀lú ọmọlanke ló pè é lórí fóònù, ó sì ti sáré wá pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Kò pariwo. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo irin nílẹ̀, ó wo báàsì.

"Ó fẹ́ gún mi," Gìrìpá ní.

"Irin tí wọ́n fi ń gbé igi inú báàsì dìde nìyí," ìyàwó ní. "Ó fẹ́ bá ọ tún un ṣe ni."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ló fi ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀; "ọ" ló pè é lónìí. Gìrìpá gbọ́ ọ, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.

Ìyàwó fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ àti gèlè rẹ̀ di ọwọ́ bàbá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lọ sọ́síbítù, Baba ní ó dìgbà tó bá tọ́jú báàsì: okùn ti le, igi ò dúró nínú rẹ̀, àyà rẹ̀ máa là. Kò sí ẹni tó lè bá baba yẹn jiyàn nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìdí tábìlì yẹn ni wọ́n ti tọ́ ọmọ náà dàgbà, ó mọ iṣẹ́ náà. Ó dẹ okùn, ó dojú báàsì dé títí igi kékeré náà fi bọ́ síta láti inú ihò. Ó fi ẹnu ṣóṣóró irin náà gún un, ó tì í wọ inú ihò, ó gbé e dìde. Baba wà nílẹ̀, ó ń fi ẹnu wíwú sọ fún un pé kó sún un sẹ́yìn díẹ̀. Ó sún un. Ó fa okùn le, ó tò wọ́n lóhùn, ó sì na igi onírun sí ọkọ rẹ̀.

Gìrìpá fà á. Ohùn náà jáde, ó kún ilé, àwọn gòjé tó so mọ́ ògiri sì ń gbọ̀n sí i. Ohùn tó rà nìyẹn, kò sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú àna rẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ títí, Baba ń fi ọwọ́ kejì nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀. Ló bá dìde, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé tábìlì, ọwọ́ tó fi ń tẹ okùn, ó mú òòlù onígi, ó nà án sí Baba.

"Bàbá, ẹ fọ́ tèmi náà."

Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ o. Gìrìpá mọ àgbà. Ó mọ̀ pé kò sí àgbà tó máa gba irú òòlù bẹ́ẹ̀, pé wọ́n á ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Baba yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ lóòótọ́. Ìyàwó ló gba òòlù náà.

"Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rò pé yóò jù ú nù, kó bú sẹ́kún. Ìyàwó gbé òòlù sókè, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e run pọ̀. Gìrìpá pariwo, ó wó lulẹ̀. Ìyàwó dá òòlù padà síbi tí wọ́n ń gbé e sí, ó ní kí àwọn méjèèjì dìde.

Bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jókòó sí lọ́síbítù, àna àti àna, ìyàwó sì wà lórí àga lódìkejì. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó wò wọ́n, ó ní ta lòun máa kọ́kọ́ mú wọlé. Gìrìpá ṣí ẹnu láti sọ pé kó mú Baba, àmọ́ Baba ti ṣáájú rẹ̀.

"Ẹ kọ́kọ́ wo tiẹ̀," ó ní. "Olórin ni. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ."

Gìrìpá kò sunkún nígbà tí òòlù bà á. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún báyìí, lójú gbogbo aláìsàn, ó ń ké bí ọmọdé, nọ́ọ̀sì ní kó ṣe sùúrù, àwọn máa fún un ní oògùn ìrora. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ń gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára aṣọ rẹ̀, kò sì wo apá ibẹ̀.