Ànàmọ́ Tí Màmá Mi Ṣà

Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé n kì í gba ìwàkuwà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi lọ́wọ́ màmá mi. Alágbàfọ̀ ni wọ́n. Gbogbo ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tó dúró gbọin ládùúgbò wa, ọwọ́ wọn àti sítáàṣì wọn ló ti jáde. Sítáàṣì ni èmi náà ń bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ewéko ṣe ń ṣe é gan-an ni mò ń wádìí.

Ewé ló ń ṣe ṣúgà, tó ń fi í ránṣẹ́ sísàlẹ̀, sínú ànàmọ́. Yàrá tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, ló kún inú ànàmọ́, àpò kéékèèké sì wà nínú wọn. Sẹ́ẹ̀lì á gé ṣúgà sí wẹ́wẹ́, á so èròjà mọ́ ọn, àpò á ṣílẹ̀kùn fún un. Inú àpò yẹn ni wọ́n ti ń so ṣúgà mọ́ra, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, títí yóò fi di hóró sítáàṣì. Mo fẹ́ yọ àpò náà jáde láìbẹ́, kí n fún un ní ṣúgà, kó ṣe sítáàṣì lójú wa.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbìyànjú, àpò ń bẹ́ ni. Hóró inú rẹ̀ wúwo. Tí ẹ̀rọ tí mo fi ń ya àpò sọ́tọ̀ bá ti ń fi í yí bírí, hóró á gún àpò jáde. Ọ̀gá mi nílé ìwádìí ní bí ó bá tún bàjẹ́ lójú àlejò, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ wa wò, ẹlòmíràn ló máa gba tábìlì mi. Mo wá dọ́gbọ́n, mo wú ànàmọ́ mi ní kékeré, nígbà tí hóró rẹ̀ kò tíì wúwo, mo sì gbé e sínú agbọ̀n nílé.

Nígbà tí mo ṣí agbọ̀n níbi iṣẹ́, ànàmọ́ ńláńlá tó ń dán ló kún inú rẹ̀. Mo pe màmá mi lórí fóònù.

"Màmá, ànàmọ́ mi dà?"

"Èyí tó rí játijàti yẹn? Mo ti dà á nù. Ọmọ tèmi ò ní gbé ìdọ̀tí síwájú àlejò! Mo ti ṣa èyí tó rẹwà sí i fún ẹ. Mo ti wà lọ́nà, mò ń bọ̀ wá wò ẹ́."

Inú bí mi bí ẹni pé kí n fọ́ agbọ̀n náà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò ti wọlé, ìyá àgbà kan tó ń wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀.

Mo pa ẹ̀rọ tì. Mo fi abẹ rẹ́ ànàmọ́ jẹ́jẹ́ nínú omi tútù, mo sẹ́ ẹ, mo rọra da omi náà sórí omi mìíràn tó ki, mo sì fi í sílẹ̀ kí àwọn àpò náà fúnra wọn rì.

"Ṣé ká lọ sùn ká tó padà wá ni?" Ọ̀gá mi ń wo aago.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní sùúrù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Màmá mi ti dé, wọ́n jókòó lẹ́yìn nínú aṣọ tó le gbagidi. Ẹ̀rù ń bà mí o, n ò ní purọ́.

Nígbà tí àwọn àpò rì tán, mo pín wọn sí méjì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí apá kan bẹ́, mo sì fún méjèèjì ní ṣúgà tí a ti fi àmì sí, tí ẹ̀rọ mìíràn lè kà. Lẹ́yìn náà mo fọ sítáàṣì wọn, mo sì gbé e fún ẹ̀rọ tó ń ka àmì náà. Iye ti àwọn tó bẹ́ kò ju òfo lọ. Ti àwọn tó wà láàyè ń gòkè, ó ń gòkè! Ṣúgà mi ti di sítáàṣì. Orí mi wú.

Àlejò bọ́ awò rẹ̀.

"Láti inú ànàmọ́ ńlá báyìí? Àwa rò pé kékeré nìkan ló ṣeé ṣe." Ó kọjú sí ọ̀gá mi. "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan tábìlì yìí." Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ, ọmọ ta ni ẹ́?"

Mo lọ di ọwọ́ màmá mi mú, ọwọ́ tí áyọ́ọ̀nù ti sọ di líle, mo sì fà wọ́n dìde.

"Ọmọ alágbàfọ̀ yìí ni mí, mà."