Ẹsẹ̀ Tútù Bàbá Berlin

Láti oṣù kẹrin la ti ń gbé tíkẹ́ẹ̀tì kan náà kiri. Ó ti rọ̀ bí àkísà nínú àpò Dádì, ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ sì ti parẹ́, àmọ́ ó ṣì dára, torí pé eré tí wọ́n tìtorí ẹ̀ tà á kò tíì wáyé. Òjò ni.

Eré alùpùpù ni. Lẹ́yìn Veddel, àdúgbò kan ní Hamburg, níbi tí ilé gbígbé ti tán tí ilé ìkẹ́rùsí bẹ̀rẹ̀, pápá kan wà tí wọ́n ń pè ní Sandbahn, ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa tó lọ yípo bí ẹyin. Èèyàn mẹ́rin á gun alùpùpù tí kò ní bíréèkì, wọ́n á yí i po lẹ́ẹ̀mẹrin, ó parí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìbílọlá, wà lára àwọn tó ń gùn ún. Tí òjò bá rọ̀, yẹ̀pẹ̀ á di ẹrẹ̀, alùpùpù ò sì ní bíréèkì. Ẹ̀yin náà ẹ wo ibi tó máa já sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fagi lé e.

Dádì wa, Mùsbáù, ló kọ́kọ́ búra pé kò sí ọmọ òun tó máa jókòó lé nǹkan tí kò ní bíréèkì. Ẹni tó yí i lọ́kàn padà ni ẹ̀gbọ́n Mọ́mì, Síkírù, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Berlin torí pé Neukölln ní Berlin ló ń gbé. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sílé wa ní Rothenburgsort, ó jókòó síwájú Dádì, ó ní, "Mùsbáù, kẹ̀kẹ́ tí o ń gùn wá wo àbúrò mi ní Ìsẹ́yìn nígbà yẹn, bíréèkì wo ló ní?" Dádì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún fẹ́ràn eré yìí tó Dádì. Tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, kì í sùn dáadáa mọ́.

Síbẹ̀, Bàbá Berlin tó bẹ̀bẹ̀ ò tíì fojú kan Àǹtí Ìbílọlá lórí alùpùpù rí. Láwọn ọdún ìṣáájú, iṣẹ́ ni ò jẹ́ kó wá. Lọ́dún yìí ó ráyè, òjò sì ráyè.

Ìgbà àkọ́kọ́, nínú oṣù kẹrin, a ti jókòó, àwọn alùpùpù ti ń bú, Bàbá Berlin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra tíì lọ́wọ́ Sophie, òyìnbó obìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà tó sì tún ń ta tíì. Kó tó gba ife, òjò dé. Ìgbà kejì, ní Pfingsten, ọdún Pẹ́ńtíkọ́sì, Dádì ní kí gbogbo wa wọ kóòtù òjò láti ilé, kí òjò lè rí i pé a ti múra dè é, kí ojú tì í. Ojú ò tì í. Ìgbà kẹta, nínú oṣù keje, Bàbá Berlin dé láti ọjọ́ Sátidé, ó ní kí òjò tó bá fẹ́ bá òun wá rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kó tán. Ó rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé lóòótọ́. Ó tún rọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú mọ́tò la ti jẹ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí Mọ́mì sè, tí òjò ń lu orí wa, tí Dádì ń fi fóònù wo ojú ọjọ́ níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó ń bá wọn jà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Irọ́ lẹ pa," ó sọ fún fóònù. "Ìdá mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún lẹ ní ó máa rọ̀."

"Ìdá mẹ́wàá náà ló ń rọ̀ yìí," Mọ́mì dá a lóhùn, ó ń bu ẹran sí i.

Mọ́mì yìí kan náà ló fa ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Oṣù keje yẹn ni, Bàbá Berlin ti lọ wọ ọkọ̀ padà, àwa ṣì jókòó nínú mọ́tò. Ó ní nígbà tí ẹ̀gbọ́n òun ń kọ́ṣẹ́ ní Èkó, tó bá wálé sí Ìsẹ́yìn nígbà ọ̀dá, òjò á rọ̀ kí ọjọ́ kẹta tó pé. Àwọn àgbẹ̀ a máa yọjú sí ìyá wọn pé, "Síkírù ò tíì ń bọ̀ ni?" Iṣu ni wọ́n fi ń kí i káàbọ̀. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ tutù púpọ̀," Mọ́mì wí, ó ń fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yangàn.

Dádì gbé ṣíbí sílẹ̀. "Kí lo ní ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àǹtí Ìbílọlá fi ṣe àwàdà fún Sophie lédè Jámánì, Sophie sọ fún Noah tó ń bójú tó pápá, Noah sọ fún gbogbo àgbáyé. Kò pẹ́ tí àwọn òyìnbó tó ń wòran pẹ̀lú wa fi ń pè é ní "der Onkel", Ọ́ńkù lédè wọn, pẹ̀lú ohùn tí èèyàn fi ń pe orúkọ dókítà eyín. Ohun tó jẹ́ ìyìn ní Ìsẹ́yìn di ẹ̀sùn ní Hamburg.

Ó wá ku eré kan ṣoṣo, nínú oṣù kẹsàn-án. Lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n máa ti pápá náà pa pátápátá, ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Bí kò bá wáyé lọ́jọ́ náà, ó tán nìyẹn.

"Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀," Dádì wí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. "Kí wọ́n jókòó sí Berlin lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹ bá wọn sọ ọ́," Mọ́mì ní.

"Èmi? Èmi tí mo fẹ́ àbúrò wọn? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́ fún àna mi?"

"Èmi náà ńkọ́, tí wọ́n gbé mi pọ̀n?"

Àwọn méjèèjì wo Àǹtí Ìbílọlá. "Ich nicht, èmi kọ́," ó ní. "Àwọn ni wọ́n bá mi bẹ̀ yín."

Ni wọ́n bá yíjú sí mi. Èmi ni àbíkẹ́yìn, Àsmá'ù, tí kì í sọ̀rọ̀. Mọ́mì ní irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Ó di mọ́ín-mọ́ín mẹ́fà sínú ike, ó ní kí n bọ́ sí Berlin.

Iṣẹ́ Bàbá Berlin ni kí wọ́n máa fi ọkọ̀ onítáńkì bomi rin àwọn igi tó wà lẹ́bàá títì ní Neukölln nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi iṣẹ́ ni mo bá wọn, wọ́n di rọ́bà omi mú lábẹ́ igi kan.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Wọ́n bojú wẹ̀yìn. "Àsmá'ù. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, sà."

"Ta ló bímọ?"

"Kò sẹ́ni tó bímọ, sà."

"Ó dáa. Dúró ná, òùngbẹ ń gbẹ igi yìí."

Wọ́n ń wọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n tún wọ́n ọn. Wọ́n ní ilẹ̀ tó bá ti gbẹ jù kì í lè gbé omi mì. Téèyàn bá da púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, á ṣàn lọ bá títì. "Fún un ní díẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ là ná." Nígbà kan, omi náà dá. Wọ́n fi ọwọ́ mi lé ibi tí rọ́bà ti wọ inú pọ́ǹpù. "Gbọ́ bó ṣe ń sín. Atẹ́gùn ló ń mu. Fún òrùka irin yẹn dáadáa." Mo fún un, omi sì padà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí ike, wọ́n la mọ́ín-mọ́ín kan sí méjì. "Ẹyin méjì nínú ẹyọ kan. Mọ̀ríámọ̀ ìyá ẹ fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi."

Mo wolẹ̀. "Wọ́n ní kí n kí yín, sà. Wọ́n ní ọ̀nà Hamburg jìn. Wọ́n ní ẹsẹ̀ yín..."

"Ẹsẹ̀ mi ṣe kí ni?"

"Wọ́n ní kí ẹ sinmi ẹ̀, sà. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn."

Wọ́n wo bàtà wọn fún ìgbà díẹ̀. "Òjò ò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa," wọ́n ní. "Àṣé èmi ni wọ́n ní mo ń bá a rìn." Wọ́n jẹ ìyókù mọ́ín-mọ́ín náà. "Bàbá ẹ ò lè sọ ọ́, àna mi ni. Ìyá ẹ ò lè sọ ọ́, ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí. Ni wọ́n bá rán ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Sọ fún wọn pé mo gbọ́. Mi ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ pápá yẹn."

Ìbá sàn kí wọ́n bínú. Nígbà tí mo ń lọ ni wọ́n pè mí padà. "Ṣùgbọ́n Veddel kì í ṣe pápá. Gbémiga ọ̀rẹ́ mi ń gbé ibẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá sí apá ọ̀dọ̀ ẹ̀, èèyàn lè gbọ́ ìró alùpùpù lójú fèrèsé. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún."

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ò ṣòro fún mi.

Sọ́ńdè náà dé, oòrùn mú. Òjò ò rọ̀ rárá láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lẹ́nu ọ̀nà, Sophie wo ẹ̀yìn wa, ó ka orí wa. "Onkel?" Dádì mi orí. Sophie fún wa ní tíì ọ̀fẹ́. Mọ́mì ò mu tiẹ̀.

Eré àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí alùpùpù mẹ́rin gbéra, a rí wọn fún bí ìgbà téèyàn sín lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìyẹn, eruku ló sá eré tó kù. A ò mọ ẹni tó wà níwájú, àwọn tó ń sáré gan-an ò mọ̀. Wọ́n dá a dúró. Wọ́n máa ń fi ọkọ̀ omi bomi rin ọ̀nà yẹn, àmọ́ ọkùnrin tó ń wà á ti kán lápá lọ́jọ́ Jímọ̀. Noah gun ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, ó da ìdajì omi náà sí kọ́nà kan, ibẹ̀ di àbàtà, pọ́ǹpù sì dákẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn: tí kò bá sí àtúnṣe láàárín wákàtí kan, òun máa fagi lé e.

Ariwo sọ. Ẹnì kan ju ife tíì sílẹ̀. Dádì dìde, ó tún jókòó. "Wọ́n fagi lé e torí omi," ó ní, "wọ́n tún fẹ́ fagi lé e torí àìsí omi. Kí ni wọ́n wá fẹ́ kí n gbàdúrà fún báyìí?"

Mo rí Àǹtí Ìbílọlá lọ́ọ̀ọ́kán, ó jókòó sí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù rẹ̀, eruku pupa bò ó. Mo dìde. Mo lọ tààrà sọ́dọ̀ Noah.

"Mo mọ ẹni tó lè ṣe é," mo sọ lédè Jámánì. Ó ní kí n tún un sọ, kò gbọ́. Mo tún un sọ. "Iṣẹ́ ẹ̀ ni. Ó wà ní Veddel."

"Ta ni?" Sophie bi mí.

"Der Onkel."

Noah gbójú sókè ọ̀run, ibi tí kò sí ìkùukùu kankan. Sophie ló sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn. "Noah, ṣé a ń wá omi ni àbí a ò wá?"

Mo pe Bàbá Berlin. "Ẹ máa bọ̀, sà."

"Mo gbọ́ pé ìró ti dá. Ṣé òjò ni?"

"Rárá, sà. Omi ló tán."

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà."

"Ẹsẹ̀ mi ti wà nínú bàtà," wọ́n ní.

Mọ́tò Gbémiga gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọn ò sọ̀kalẹ̀. "Mo ti ṣèlérí. Mi ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ pápá yìí."

Dádì dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀."

"Dìde, Mùsbáù, aṣọ ẹ funfun. Ẹ gbé ọkọ̀ omi náà wá síbí."

Wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn fà á wá, wọ́n gbé e ti mọ́tò Gbémiga pẹ́kípẹ́kí. Bàbá Berlin gbé ẹsẹ̀ kan láti inú mọ́tò lé àtẹ̀gùn ọkọ̀ omi, wọ́n gbé ìkejì, Dádì di ìgbọ̀nwọ́ wọn mú. Wọn ò kan ilẹ̀. Àwọn òyìnbó ń wò bí ẹni ń wo eré ńlá. Bàbá Berlin yọjú láti fèrèsé ọkọ̀. "Àsmá'ù, gbọ́ ọ wò."

Noah tan pọ́ǹpù. Mo tẹ́tí. Ó ń sín. Mo fún òrùka irin, omi sì tú jáde.

Lẹ́ẹ̀mẹrin ni Bàbá Berlin yí pápá náà po, wọ́n ń wọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sí ọbẹ̀ àlejò, wọ́n ń fo kọ́nà tí Noah bà jẹ́. Nígbà tí wọ́n parí, yẹ̀pẹ̀ náà dúdú díẹ̀, ó dì mọ́lẹ̀. Wọ́n wa ọkọ̀ náà sí àárín pápá, wọ́n jókòó síbẹ̀. Kò sí ẹni tó ríran tó wọn lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó kan Àǹtí Ìbílọlá, mo ń wo ọ̀nà, mo sì ń wo fèrèsé ọkọ̀ omi. Ní gbogbo kọ́nà tó bá ti tẹ̀ sí òsì, Bàbá Berlin náà á yí ìdarí ọkọ̀ sí òsì, ọkọ̀ tí kò lọ síbì kankan. Ipò kejì ni Àǹtí Ìbílọlá ṣe. Ó wa alùpùpù rẹ̀ wá sí abẹ́ fèrèsé, eyín nìkan ló funfun lójú rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ rí mi?"

"Mo rí ẹ," wọ́n ní. "Òsì tí o ń yà sí ti pọ̀ jù."

Nígbà tí gbogbo eré parí, wọ́n sọ pé ìlérí náà ti parí pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀. Bí bàtà wọn ṣe kan ilẹ̀, gbogbo èèyàn gbójú sókè. A dúró. Kò sí nǹkan kan.

Mọ́mì ṣí kúlà níta fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún náà. Sophie náà bá wa jẹun, ó ń fọwọ́ fẹ́ ẹnu torí ata. Dádì yọ tíkẹ́ẹ̀tì náà látinú àpò, ó wò ó, ó fà á ya sí méjì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìdajì kan fún Bàbá Berlin.

Ẹ̀kán omi kan bọ́ sórí ìdérí kúlà.

A ṣáà rọra sún mọ́ mọ́tò díẹ̀.