Ìbòrí Tí Oyin Bà Lé

Mùríìdì, ọkọ Sìdíkátù, fẹ́ràn lọ́fínńdà ju oúnjẹ lọ. Tó bá ń ti ìrun Jímọ̀ bọ̀, ará ilé á ti gbóòórùn rẹ̀ kó tó yọjú. Kò sí ẹni tó bá a jà sí i, àfi ọjọ́ tó gbé òórùn yẹn lọ bá oyin.

Àpótí oyin kan ṣoṣo ló kù fún Sìdíkátù ní ìlú wọn, Lagbé. Àwọn yòókù kú tán nígbà tí àwọn olóko tó yí wọn ká bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n oògùn sí tòmátì. Làmídì, bàbá rẹ̀, ló mú irú oyin náà wá láti inú igbó nígbà èwe rẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́ báyìí. Bàbá ní kí tọkọtaya náà gbé àpótí yẹn lọ sí erékùṣù kékeré tó wà láàárín àbàtà, ilẹ̀ gbígbẹ díẹ̀ tí igi ògùrọ̀ yí ká, tí ẹnikẹ́ni kì í dáko sí.

"Tí àwọn wọ̀nyí bá lọ, a ò ní rí irú wọn mú mọ́," ló sọ. "Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú díẹ̀ kí ẹ tó gbé wọn."

Mùríìdì ò gbọ́. Ẹ̀rù ejò àbàtà ń bà á, ló bá ní ọ̀sán ló dára. Bó ṣe ti mọ́ṣáláṣí dé, tòun ti lọ́fínńdà rẹ̀, ló gbá àpótí mọ́ra nínú ọkọ̀ ọpọ́n, ìyàwó rẹ̀ sì ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ lọ. Oyin kì í fẹ́ irú òórùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú àpótí bí omi orí iná.

"Bàbá Samiratou, ẹ rọra. Dusmáà, jẹ́jẹ́ ni kí ẹ ṣe," ni Sìdíkátù fi orúkọ ọmọ wọn bẹ̀ ẹ́.

"Ṣé èmi ni mò ń pariwo ni?"

Bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀, oyin kan rí àlàfo jáde, ó sì ta á nímú. Mùríìdì ju àpótí sílẹ̀, ó bẹ́ sínú omi tagbádá-tagbádá. Ìdérí ṣí. Gbogbo oyin tú jáde, wọ́n lọ so rọ̀ sórí imọ̀ ògùrọ̀ lókè réré. Sìdíkátù mọ̀ pé tí wọ́n bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ wọ inú igbó, ó di gbére.

Ó gbé àpótí dìde, ó fi ìda oyin pa inú rẹ̀. Ó rún koríko tíì tó mú wá láti ilé, ó fi ra ẹnu ọ̀nà àpótí bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, torí òórùn yẹn ni oyin fẹ́. Òógùn bò ó lójú, ó fi ìbòrí rẹ̀ nù ún, ó tún fi nu ọwọ́ tó fi rún koríko. Kò tiẹ̀ ro ohun tó ń ṣe.

Nígbà náà ni àwọn oyin gbéra. Ojú ọjọ́ ṣókùnkùn lórí erékùṣù, ohùn wọn sì kún inú àyà rẹ̀ títí kò fi gbọ́ èémí ara rẹ̀ mọ́. Wọn ò lọ síbi àpótí. Orí rẹ̀ ni wọ́n bà lé.

Wọ́n bo ìbòrí, wọ́n bo èjìká, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n wúwo, wọ́n sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn. Kò sí èyí tó ta á. Ẹ̀rù bà á, síbẹ̀ kò wù ú kí wọ́n kúrò. "Sùbúhánàlláhì," ló ń wí nínú ọkàn, torí kò lè la ẹnu. Mùríìdì dúró sínú omi dé àyà, ó ń wò ó, ó gbàgbé imú tó ń ta á.

Sìdíkátù rọra kúnlẹ̀, ó fi etí ìbòrí kan ẹnu àpótí. Díẹ̀ kọ́kọ́ wọlé, àwọn yòókù sì ń tẹ̀ lé wọn, bí èrò ṣe ń wọ mọ́ṣáláṣí. Oòrùn ti ń wọ̀ kí ìkẹyìn wọn tó wọlé.

Ẹnu ọ̀nà ni Bàbá jókòó sí nígbà tí wọ́n délé. "Wọ́n ńkọ́?"

Sìdíkátù tú ìbòrí rẹ̀, ó gbé e lé bàbá rẹ̀ lórí itan. Mùríìdì, tí imú rẹ̀ ti wú, ló ròyìn gbogbo rẹ̀, kò sì fi àṣìṣe tirẹ̀ pamọ́.

Bàbá gbóòórùn aṣọ náà.

"Láti ìgbà tí mo ti ń sin oyin, wọ́n ti ta mí títí ó fi sú mi," ló wí. "Wọn ò bà lé mi rí."

Ó wá ṣí fìlà, ó da ìbòrí ọmọ rẹ̀ borí ara rẹ̀, ó sì dijú bí ẹni tí oyin bà lé lórí. Mùríìdì pàápàá ò rẹ́rìn-ín.