Omi Kànga Tí Bàbá Rẹ̀ Gbẹ́

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà ọdún 2024, Oyinadé kú. Ọmọ ọ̀sẹ̀ méje ni. Ètè rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣú bí aró, kí èékánná rẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì Àdùnní mú èsì àyẹ̀wò omi wá bá Adéríbigbé, bàbá àgbà ọmọ náà, ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ l'Ágége.

"Bàbá, ajílẹ̀ ti wọ inú kànga yín."

"Mo máa ń sè é. Á hó dáadáa, kí n tó fi po mílíìkì rẹ̀."

"Sísè ń pa kòkòrò, sà. Kì í lé ajílẹ̀. Bí omi ṣe ń fà lórí iná, bẹ́ẹ̀ ni ajílẹ̀ inú rẹ̀ ń le sí i. Àgbà lè mu ún kó má ṣe é ní nǹkan kan. Ọmọ ọwọ́ ni kò lè gbà á; òun ló ń mú ètè wọn ṣú."

Adéríbigbé wo ebè tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tó yí kànga náà ká. Òun ló gbìn wọ́n nígbà tó fẹ̀yìn tì níléeṣẹ́ aṣọ n'Íkẹjà, tó ń wọ́n ajílẹ̀ sí wọn bí ẹni wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ kànga náà, oko obì ni gbogbo ibẹ̀. Àwọn tó ń ká obì a máa kọjá kànga méjì kí wọ́n tó wá mu nínú èyí. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí nílé náà tí omi yẹn kò kọ́kọ́ kàn lẹ́nu. Ìgbà tí Bọ́látitó, ọmọ rẹ̀ tó bí Oyinadé, ní kí wọ́n máa ra omi, ohun tí Adéríbigbé fi dá a lóhùn ni pé, "Omi tó tọ́ ẹ dàgbà ni ò dáa mọ́?" Bọ́látitó ti padà sílé ọkọ rẹ̀ l'Ábúlé Ẹ̀gbá báyìí. Kò bá a jà. Kò kàn pè é mọ́ ni.

Divine, ayálégbé rẹ̀ tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ, gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dé.

"Bàbá wa, ẹ yà fún ìyá ìkókó o! Òùngbẹ ń gbẹ agbábọ́ọ̀lù inú mi."

"Má fà á."

"Háà! Àbí ẹ ti fẹ́ máa tà á ni?"

"Omi yìí ló pa Oyinadé. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fún un mu."

Divine rọra gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Kàsúmù bíríkìlà da kọnkéré bo ẹnu kànga.

"Ṣé ká kọ orúkọ bàbá yín sí i, kó tó gan?"

"Rárá."

Ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ Adéríbigbé nìyí: okùn kan, ìfami onírọ́bà, kẹ́tùlù tí ìdí rẹ̀ ti dúdú, agolo mílíìkì tí wọn ò tí ì lò dé ìdajì, fídà kan tí ó ti fọ̀, àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé, ẹyọ kan.