Pósí Tó Ń Ṣí Fúnra Rẹ̀

Ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ ìkànnì fún àwọn oníṣòwò, ọmọbìnrin kan wà tí gbogbo wọn ń pè ní Tuntun-Dé. Bàbá Tábílì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ náà, nítorí kò sí àárọ̀ tí kì í gbé ìròyìn wọlé nípa ohun kan tí búráúsà, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń ṣí ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Bí àwọn yòókù ṣe ń bi ara wọn bóyá wọ́n jí dáadáa, òun á ti máa ròyìn àṣà tuntun tí CSS dá.

CSS ni èdè tí wọ́n fi ń wọ ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì láṣọ. Òun ló ń sọ ibi tí àwòrán máa jókòó sí, bí lẹ́tà ṣe máa tóbi tó, àti àwọ̀ tí bọ́tìnnì máa ní. Lọ́jọ́ kan, Tuntun-Dé wọlé, ó ní láyé àtijọ́, àpótí tó jẹ́ òbí nínú ojú ìwé kò lè mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ gbé dání, àmọ́ ní báyìí, òbí ti lè wo inú ọmọ, kó sì torí ohun tó rí níbẹ̀ pààrọ̀ aṣọ ara rẹ̀. Bàbá Tábílì dáhùn pé ọmọ wà nílé òun, òun ò tíì rí èyí tó jẹ́ kí òun wo inú ẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ó ní àpótí ti lè fi yàrá tó ń gbé wọn ara rẹ̀, kò pọn dandan kó máa fi gbogbo ilé wọn ara rẹ̀ mọ́. Bàbá Tábílì ní ohun tí àwọn ayálégbé ti ń ṣe tipẹ́ nìyẹn.

Bàbá Tábílì kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìgbà tí wọ́n ń fa ilà sí ojú ìwé lóròó àti níbùú bí ìwé ìṣirò ọmọ iléèwé, èyí tí wọ́n ń pè ní tábìlì, ló kọ́ṣẹ́, ó sì gbà pé ọjọ́ tí wọ́n pa àṣà yẹn tì ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Ìyà ló kọ́ Tuntun-Dé ní ìfẹ́ ohun tuntun. Ilé ìfọṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án tẹ́lẹ̀, níbi tó ti ń lọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn, kó tó sáré lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ tí oògùn ìfọṣọ ti bó lára. Ìwé tí olùkọ́ wọn ń lò ti gbó débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ohun tó wà nínú rẹ̀ gbó ju ẹ̀yìn náà lọ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wáṣẹ́ lọ, ọkùnrin tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń peni wá wo mọ́tò àtayébáyé tó ṣì ń rìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn bu omi fún un nínú ife aláwọ̀ búlúù tí kò létí mọ́, ó sì mu ún tán kó má bàa dà bí ẹni tó ń bínú. Látọjọ́ náà ló ti búra pé ohun tuntun kankan ò ní í bá òun lórí ibùsùn mọ́.

Ó ṣì wà lábẹ́ ìdánwò níbi tó wà yìí. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ìdánwò, àga aláìlẹ́yìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ ni tirẹ̀; bí ẹnikẹ́ni bá ń wọlé tàbí ń jáde, á dìde fún un. Ní ìparí oṣù ni Ọ̀gá máa sọ bóyá yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé bí òṣìṣẹ́ gidi, tàbí yóò kó ẹrù rẹ̀. Ilé ìfọṣọ ò tíì rí ẹni fi rọ́pò rẹ̀. Ó mọ̀, torí pé wọ́n ṣì ń ránṣẹ́ kí i.

Iṣẹ́ tí Ọ̀gá fi dán an wò ni ìkànnì Ìyá Onípósí, obìnrin tó ń ta pósí, tó sì ń bá àwọn èèyàn ṣètò ìsìnkú. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Ojú tó ti rí òkun ni ojú obìnrin yìí, ọ̀sà kankan ò lè bà á lẹ́rù. Àárín pósí méjì ló ti ń jẹun ọ̀sán, orí ìdérí èyí tó wà lápá ọ̀tún ló sì ń gbé iyọ̀ lé.

Tuntun-Dé fi ohun tó dùn mọ́ ọn jù lọ́dún náà ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Tẹ́lẹ̀, bí o bá fẹ́ kí nǹkan máa rìn bí òǹkàwé ṣe ń fa ojú ìwé sókè, àfi kó o kọ kóòdù rẹpẹtẹ tí fóònù á fi máa gbóná. Ní báyìí, ìlà CSS díẹ̀ ti tó. Bí èèyàn bá ń fa ojú ìwé, pósí á máa ti ìsàlẹ̀ bọ̀, á yí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ bí ẹni ń kí àgbà, tó bá sì dé àárín, ìdérí á rọra gbéra kí wọ́n lè rí aṣọ dídán tó wà nínú. Bí wọ́n bá fà á padà, á dé. Tuntun-Dé wò ó títí, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Ohun tó gbàgbé ni pé ẹ̀dà àtọ́wò ni búráúsà tó wà lórí kọ̀ǹpútà òun, èyí tí wọ́n ń fún àwọn oníṣẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ aráyé. Búráúsà tó wà lọ́wọ́ aráyé kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tuntun inú èdè yẹn. CSS kì í sì í bá èèyàn jà. Gbólóhùn tí kò bá yé e, á fò ó kọjá láìsọ̀rọ̀, bí ìyàwó ilé tó gbọ́ èébú ìyá ọkọ.

Ọjọ́ tí wọ́n lọ fi iṣẹ́ han Ìyá Onípósí ní ṣọ́ọ̀bù, kọ̀ǹpútà obìnrin náà ni wọ́n lò, èyí tó so mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá lára ògiri. Tuntun-Dé fa ojú ìwé sókè, ó fà á sílẹ̀. Àwọn pósí jókòó bí àlejò tó ń retí oúnjẹ. Ìyá Onípósí wo ojú ìwé náà, ó tún wò ó.

"Èyí dáa," ló wí. "Ó dákẹ́."

Ó ṣàlàyé pé àwọn tí òun kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún mú kí pósí òun máa fò kiri, opó kan sì béèrè lọ́wọ́ òun bóyá ìsìnkú ni àbí ọjọ́ ìbí. Ọ̀gá fọwọ́ sáyà, ó ní ìfarabalẹ̀ ni àwọn fi ń ṣiṣẹ́ ní tàwọn. Nígbà tí wọ́n ń padà, ó sọ fún Tuntun-Dé pé kó ti máa wo ibi tó fẹ́ jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ó yẹ kí Tuntun-Dé yọ àwọn ìlà CSS náà kúrò. Kò yọ wọ́n. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọ̀sán ṣe wọ́n, wọ́n sì rẹwà. Bàbá Tábílì rí wọn nígbà tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò, ó ní ohun tó sùn ò tíì kú o. Tuntun-Dé dá a lóhùn pé kò sẹ́ni tó ń rí wọn. Bàbá bi í pé ọjọ́ tí búráúsà aráyé bá wá gbọ́ èdè ọ̀hún ńkọ́? Tuntun-Dé ní kí ọjọ́ náà tó dé, gbogbo wọn á ti wà nídìí iṣẹ́ mìíràn.

Búráúsà òde òní kì í sábà tọrọ àyè kó tó dàgbà. Á gba ẹ̀dà tuntun sára láìdágbére, bó o bá ṣí i láàárọ̀, o ò ní í mọ̀ pé ẹlòmíràn lo ń bá sọ̀rọ̀. Oṣù náà ò tíì parí tí fóònù Ọ̀gá fi dún. Ọ̀gá máa ń jẹ́ kí ohùn àwọn oníbàárà jáde síta kí gbogbo yàrá lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín. Ìyá Onípósí ni. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ọ̀gá, pósí mi ń ṣí fúnra rẹ̀."

Ọ̀gá rò pé pákó ló sán, ó ní ẹjọ́ káfíńtà nìyẹn. Obìnrin náà ní rárá, èyí tó wà lára ògiri ni. Àwọn ọmọ olóògbé kan wá láàárọ̀ yẹn láti yan pósí fún bàbá wọn, wọ́n sì ti ń jà láti ẹnu ọ̀nà. Bí obìnrin náà ṣe fa ojú ìwé, pósí gbéra nílẹ̀, ó tẹ̀ sí wọn, ó sì ṣí. Ó fà á padà, ó dé. Àkọ́bí dìde, àbíkẹ́yìn di ẹsẹ̀ àga mú, gbogbo wọn sì jáde láìdágbére.

Ọ̀gá ṣí ojú ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó ti pẹ́ tí búráúsà rẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun gba ẹ̀dà tuntun, ó di ọ̀la ló sì máa ń dá a lóhùn. Kò sí ohun tó mira. Ó sọ fún Ìyá Onípósí pé òun ń wò ó báyìí, jẹ́jẹ́ ni gbogbo pósí náà jókòó. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bíi dókítà, ó bi í pé ìgbà wo ló sinmi gbẹ̀yìn.

"Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún bàbá ọkọ mi nìyẹn," ni Ìyá Onípósí wí. "Wọ́n ní àwọn pósí ń ṣí, wọ́n ń pe àwọn. A gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ wọn, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó sí títí wọ́n fi kú. Mo ti ní kí ọmọ mi wá gba tèmi."

Ọ̀gá ní ìsinmi dáa, mà.

Bàbá Tábílì wo Tuntun-Dé. Ọwọ́ ọmọbìnrin náà ti wà lórí bọ́tìnnì. Bó bá pa àwọn ìlà náà rẹ́ nísinsìnyí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Pósí á jókòó, òun náà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Ìyá Onípósí á sì jókòó sí yàrá ẹ̀yìn. Ó dìde.

"Mà, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́. Èmi ni mò ń ṣí i."

Ọ̀gá ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa ohùn fóònù, ó sì tún jẹ́ kó ròkè sí i. Ìyá Onípósí béèrè ta ló ń sọ̀rọ̀. Tuntun-Dé ní òun tí òun kọ́ ojú ìwé náà ni, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ̀dà àtọ́wò, títí kan ìkìlọ̀ tí òun kò gbọ́. Nígbà tó parí, ọ̀rọ̀ kan péré ló gbọ́ padà: "Máa bọ̀."

Bó ṣe ń jáde, Ọ̀gá ní kó kúkú kó ẹrù rẹ̀ dání.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ọmọkùnrin Ìyá Onípósí ti jókòó sórí àga ìyá rẹ̀, ó ń sún un síwá sẹ́yìn láti mọ bó ṣe máa bá òun lára mu. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì láàárín òun àti ìyá rẹ̀. Tuntun-Dé kúnlẹ̀ kí wọn, ó lọ tààrà sí kọ̀ǹpútà. Ó fi àwọn ìlà náà hàn wọ́n. Ó yọ wọ́n, pósí jókòó. Ó dá wọn padà, ìdérí gbéra. Ìyá Onípósí gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa ojú ìwé sókè, ó fà á sílẹ̀.

"Ṣé kì í ṣe orí mi?"

"Orí yín kọ́, mà. Ọwọ́ mi ni."

Ìyá Onípósí mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó so ó mọ́ ìdí. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Dìde lórí àga mi."

Ìgbà tó jókòó tán ló wá kọjú sí Tuntun-Dé, ó sì bú u bí ẹni ń ka ìwé: ó bú ojú tó fi wo iṣẹ́ náà tó ní ó rẹwà, ó bú ọwọ́ tó kọ ọ́, ó ní ẹni tó ń mú pósí jó, kó lọ gbé ijó fún àwọn tó ṣì lẹ́sẹ̀. Tuntun-Dé tún kúnlẹ̀, ó ń dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mà. Lẹ́yìn èyí ni obìnrin náà pe Ọ̀gá. Kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ara mi le, o ní kí n lọ sinmi. Ẹni tó ṣẹ̀ mí sọ òótọ́ fún mi, o ní kó kó ẹrù. Òun nìkan ni mo fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀ láti òní lọ."

Ọ̀gá rojọ́ títí. Ibi tó parí ẹ̀ sí ni pé òun ò ní í lé ọmọbìnrin náà, àmọ́ ìdánwò rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tuntun-Dé fojú inú wo àga aláìlẹ́yìn àti ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀. Ó ní òun dúpẹ́ sà.

Ó pa àwọn ìlà náà rẹ́ pátápátá lójú Ìyá Onípósí. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí fóònù ṣọ́ọ̀bù fi dún. Àkọ́bí olóògbé ti àárọ̀ ni. Ó ní látìgbà tí bàbá àwọn ti kú, àwọn ò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan kan rí, àmọ́ gbogbo àwọn ló gbà pé pósí tó ṣí yẹn, bàbá fúnra rẹ̀ ló yàn án. Ó béèrè bóyá ó ṣì wà.

Ìyá Onípósí wo Tuntun-Dé. Ó fi ìka sí ètè.

"Ó wà," ló wí sínú fóònù, pẹ̀lú ohùn tó fi ń tajà. "Ẹ máa bọ̀. Ó ti ń retí yín."